Fáìlì EDI àtijọ́: ẹ má sọ D.96A di D.01B

EDI ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan fi ń fi ìwé òwò, bí ọ́dà àti ínfọ́ìsì, ránṣẹ́ sí ti òmíràn. Ẹni tó ń rajà ló ń yan irú fáìlì tí wọ́n máa lò, kì í ṣe ẹni tó ń tà. Bí oníbàárà yín ní Ìlọrin bá ń kó òrí tàbí kajú lọ sí Jámánì, tí ilé ìtajà ọ̀hún sì ní ORDERS D.96A (ìwé ọ́dà nínú ẹ̀dà 1996 ti ìlànà EDIFACT) làwọn fi ń pe ọjà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Pé 1996 ni ìlànà yẹn jáde kò kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùtajà ló ti so mọ́ ọn, wọn ò sì ní tún gbogbo wọn dán wò torí pé sọ́fítíwià tiyín kéré lọ́jọ́ orí. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bíi tàgbà. Inú àkísà yẹn lowó wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ ètò wọn sórí D.01B, ẹ̀dà 2001, nìkan. Bí D.96A bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ yí i padà sí D.01B kí wọ́n tó kà á. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo ìlà méjì yìí:

LIN+1++6150000000013:EN'
LIN+1++6150000000013:SRV'

Ọjà kan náà ni, 615 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà sì ni ti Nàìjíríà. Nínú EANCOM (irú EDIFACT tí àwọn ilé ìtajà ń lò) tó dúró lórí D.96A, EN ló ń sọ irú nọ́ńbà tó jẹ́. Nínú èyí tó dúró lórí D.01B, ó ti di SRV. Ètò tó mọ SRV nìkan á fo EN bí ohun tí kò yé e. Ọ́dà á wọlé, iye á wà níbẹ̀, ọjà ò ní sí. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ padà, SRV lẹ máa kọ sí i, ẹ̀rọ tọ̀hún á sì dá a padà. Ẹ wá rí i pé yíyí padà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣe é, nígbà àlọ àti nígbà àbọ̀, ibi tí nǹkan sì ti máa ń jábọ́ ni àbọ̀.

Kí irú ìwé kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ní tábìlì tirẹ̀. UNH, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, ló ń sọ èyí tí ẹ máa ṣí:

UNH+1+ORDERS:D:96A:UN:EAN008'

Ẹ kà á títí dé EAN008, ẹ má dúró lórí 96A. ORDERS ló ń lo EAN008 níbí, DESADV D.96A (ìwé tó ń sọ pé ọjà ti ń bọ̀), EAN005 ló máa ń gbé. Ohun tí oníbàárà kan bá fi kún un ju bí ìlànà ṣe wí lọ, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì kékeré tiẹ̀ tó máa gun orí tábìlì náà. Ẹ má ṣe kọ orúkọ oníbàárà sáàárín kóòdù. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sẹ́ni tó máa lè yọ ọ́ mọ́.

Àwọn àmì tó ń pín fáìlì náà ńkọ́? UNA, tó máa ń wà níwájú fáìlì, jẹ́ àmì mẹ́sàn-án péré: lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́fà tó ń sọ bí a ṣe máa ka ìyókù. Bí kò bá sí, UNA:+.? ' lẹ máa lò. Àwọn ará Yúróòpù kan máa ń kọ UNA:+,? ' nítorí kọ́mà ni wọ́n fi ń ṣe désímàlì. Ibẹ̀ ló léwu:

QTY+21:1,500:TNE'

Tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ nìyẹn. EDIFACT ò gba kí a fi kọ́mà pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ètò tó bá yọ kọ́mà dànù kó tó kà á á sọ fún oníkajú pé tọ́ọ̀nù 1500 ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ má sì ṣe fi split lásán gé fáìlì níbi tí ẹ bá ti rí '. Àmì ? ló ń sọ pé èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àmì ìpín. Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, COM+?+234 la máa ń kọ ọ́. Ẹ rìn ín lámì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rántí pé ?? túmọ̀ sí ? kan ṣoṣo.

Ti lẹ́tà wa gan-an ló ń yọ àwọn ará ilé lẹ́nu jù. UNB, ìlà tó ṣí fáìlì, ló ń sọ irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, bíi UNOA tàbí UNOC. UNOA, lẹ́tà ńlá nìkan ló gbà. UNOC jẹ́ ISO 8859-1: é àti à wà níbẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ ò sí. Bí UNB bá sọ pé UNOC, tí ètò yín sì tọ́jú fáìlì náà ní UTF-8, Ọ tó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀fà á di báìtì mẹ́ta, E1 BB 8C, ohun tí wọ́n á sì rí lọ́hùn-ún ni á» pẹ̀lú nǹkan tí kò ṣeé kà. Àmì ohùn orí rẹ̀ tún gba báìtì méjì sí i, bẹ́ẹ̀ 35 ni ààyè orúkọ inú NAD (ìlà orúkọ àti àdírẹ́sì) mọ. Àwọn kan á ní kí ẹ̀rọ yọ gbogbo àmì dànù. Ọ̀fà á di Ofa, Ajàṣẹ́-Ìpo á di Ajase-Ipo. Offa àti Ajasse-Ipo ni wọ́n kọ sórí ìwé, ẹ̀rọ ò sì lè mọ̀ pé f àti s di méjì. Ẹ fi ààyè kan sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ oníbàárà fún bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láìlámì, kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kún un.

X12, ìlànà EDI ti Amẹ́ríkà, gba ìṣọ́ra mìíràn. Àmì 106 gééré ni ISA, ìlà tó ṣí fáìlì náà, pẹ̀lú àmì ìparí rẹ̀. Àmì kẹrin ló ń pín ẹ̀ka, ikarùndínláàádọ́fà ń pín inú ẹ̀ka, ikẹrìndínláàádọ́fà ló parí ìlà. Ó dà bí òwú lórí òfì: bí ẹyọ kan bá yọ, gbogbo ọnà á wọ́. Bí ẹnìkan bá fi editor ṣí i, tí ìyẹn sì gé àlàfo kúrò nínú ISA06 (ẹ̀ka kẹfà ISA) tó yẹ kó jẹ́ àmì 15, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo ISA12, tó ń sọ ẹ̀dà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ISA11. Ní 00401, lẹ́tà U lásán ló wà ní ISA11. Láti 00402 lọ, àmì tó ń pín ohun tó tún ara rẹ̀ ṣe ló di. Ètò tó bá fi òye tuntun ka fáìlì àtijọ́ á máa gé gbogbo ibi tó bá rí U. SHEA BUTTER á di SHEA B àti TTER. Bẹ́ẹ̀ náà lọjọ́ ṣe rí: ISA09 jẹ́ díjíìtì 6, GS04, ọjọ́ inú ìlà GS tó tẹ̀ lé ISA, ti di 8 ní 4010 (ẹ̀dà 00401 yẹn). Tí wọ́n bá ń retí 997, ìwé tó ń jẹ́wọ́ pé fáìlì dé, ẹ má fi 999 dá wọn lóhùn.

TRADACOMS, ìlànà EDI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1982, ò le púpọ̀: STX ló bẹ̀rẹ̀, END ló parí, = ló sì ń tẹ̀ lé orúkọ ìlà. Désímàlì rẹ̀ ló farasin. Bí ìwé ìlànà bá ní ipò mẹ́rin, 12500 jẹ́ 1.25.

Nígbà tí iná bá lọ láàárín, fáìlì lè dé ní ìlàjì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi rí UNZ, ìlà tó parí fáìlì EDIFACT, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ sì bá ti UNB mu. Ẹ tún fi olùránṣẹ́, nọ́ńbà yẹn àti ọjọ́ pa pọ̀ láti mọ èyí tó wá lẹ́ẹ̀mejì, torí àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà wọn láti 1 lọ́dọọdún.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ ẹ̀dà kan kúrò, ẹ wo ìgbà tó wọlé kẹ́yìn nínú log, kí ẹ wò ó tó oṣù mẹ́tàlá. Ẹ̀dà tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ láti oṣù kẹfà lè jẹ́ ti oníkajú tó ń dúró de oṣù kejì.