Ológbò àdúgbò àti àwọn òròmọdìyẹ mi

Àwọn ológbò tó ń rìn kiri àdúgbò wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kò ní ẹni tó ni wọ́n. Orí páànù ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jà, tó bá sì di àkókò tí wọ́n ń gùn, igbe wọn lóru a máa dà bíi ti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ilé tí mo ti ń ránṣọ yìí náà ni mo ti ń sin adìyẹ, ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú Noiler díẹ̀. Àwọn tó ń wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi a máa yọjú wo àwọn òròmọdìyẹ, wọ́n á ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, kí lẹ ń lò tí ológbò ò fi kó gbogbo èyí jẹ?” Mi ò lo nǹkan kan fún ológbò. Ilé adìyẹ ni mo mójú tó. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí, torí májèlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà, ọ̀rọ̀ májèlé yẹn sì ń dùn mí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ológbò ló ń gbé àwọn adìyẹ yín. Kì í sábà dojú kọ àgbébọ̀ tó ti dàgbà. Òròmọdìyẹ ló ń wá. Odidi ló sì máa ń gbé e lọ, ẹ lè má rí ju ìyẹ́ díẹ̀ nílẹ̀. Ojú ọ̀sán ni àṣá ń jà. Èkúté á fa ọmọ wọ ihò, ẹ ó sì rí ihò náà lẹ́bàá ògiri. Ejò á gbé ẹyin mì, á gbé ọmọ mì, kò ní sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ bá òkú àgbébọ̀ bíi mélòó kan tí wọ́n ti bù lọ́rùn, ẹtà tàbí ẹran ìgbẹ́ mìíràn ni kí ẹ máa fura sí. Ní tiwa, lóòótọ́ ni ilé ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń dé Mọ́níyà ní 2021, àmọ́ igbó ò tíì tán lẹ́yìn ilé.

Ìyá ọkọ mi a máa fi aró kun ẹ̀yìn àwọn òròmọdìyẹ. Àṣá nìyẹn wà fún. Ológbò ń gbọ́ ohùn wọn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré. Aró ò dí i lọ́wọ́.

Ó wá ku ilé wọn. Pákó Bódìjà ni káfíńtà fi kàn án. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ tí wọ́n ń tà káàkiri, èyí tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà, kí adìyẹ má baà jáde ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò lè dá ohun tó ń bọ̀ láti ìta dúró. Ológbò á na ọwọ́ wọlé, á fi èékánná ha òròmọdìyẹ tó bá sùn ti nẹ́ẹ̀tì, á sì máa fà á níbi tí ara ẹ̀ ò ti lè gba ojú ihò jáde. Mi ò fẹ́ sọ bí ó ṣe máa ń rí láàárọ̀. Wáyà líle tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ, ni kí ẹ béèrè. Ó wọ́n. Bí owó ò bá tó, ẹ fi èyí tó le yí ìsàlẹ̀ ká títí dé ìbàdí, torí ilẹ̀ ni ọmọ ń sùn sí, kí ẹ wá fi èyí tó rọ̀ ṣe òkè.

Ẹ má fi orí rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Ológbò tó ti gbó dáadáa lè fò láti ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀, kó tó wá kan pé ó mọ igi gùn. Ìgò tí a gún mọ́ orí ògiri kò dí i lọ́nà; mo máa ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ gbẹ́sẹ̀ láàárín ìgò náà. Páànù la fi bo apá kan ilé adìyẹ wa, wáyà la fi bo ìyókù kí oòrùn lè ráyè wọlé. Àlàfo tí káfíńtà máa ń fi sílẹ̀ lábẹ́ páànù fún atẹ́gùn, ẹ fi wáyà dí òun náà. Ibi tí orí ológbò bá ti gbà, ara rẹ̀ á gbà á. Ẹ sọ fún káfíńtà pé kó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí wáyà mọ́lẹ̀ kó tó kàn án, torí ìṣó nìkan kì í dì í mú pẹ́. Ilẹ̀kùn wa ní ìkọ́ lókè, ó tún ní nísàlẹ̀. Ìkọ́ kan ṣoṣo láàárín ń jẹ́ kí igun ìsàlẹ̀ yà bí nǹkan bá tì í, igun yẹn náà sì ni wọ́n ń wá.

Gbogbo èyí ò wúlò bí adìyẹ bá wà níta nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ológbò ń ṣọdẹ jù. Kí wọ́n tó pe ìrun mùgíríìbì ni mo ti ń kúrò nídìí máṣíìnì. Màá mi agolo àgbàdo, wọ́n á wọlé, màá kà wọ́n, màá ti ilẹ̀kùn. Èyí tó bá ń sàba, inú ilé ló ń wà títí ọjọ́ 21 á fi pé. Bó bá pamọ tán, abẹ́ àgò ni òun àtàwọn ọmọ ń wà lọ́sàn-án ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lórí àgò, torí àgò fúyẹ́, ológbò lè bì í ṣubú.

Ẹ tún fetí sí ìyá wọn. Òròmọdìyẹ ò màwòdì, ìyá ẹ̀ ló màṣá. Igbe tó ń ké bí nǹkan bá ń fò bọ̀ lókè yàtọ̀ sí èyí tó ń ké bí nǹkan bá ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀. Ti ilẹ̀ ni kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti dìde pẹ̀lú omi nínú ike. Omi tó bá dà sí ológbò lára kì í pa á lára, ó sì kórìíra rẹ̀ gan-an. Èèpo ọsàn àti ata gígún tí àwọn kan ń dà sílẹ̀ láti fi lé ológbò, agbára wọn kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Òjò kan ti fọ̀ ọ́ lọ. Káńfọ̀ ní tirẹ̀, májèlé ni fún adìyẹ tó bá ṣá a jẹ àti fún ọmọdé tó bá mú un. Ẹ má fi í síbẹ̀ rárá.

Èkúté ló ń kọ́kọ́ fa ológbò wọ ọgbà wa, oúnjẹ adìyẹ tó dà sílẹ̀ ló sì ń fa èkúté. Nítorí náà inú dírọ́ọ̀mù olómọrí ni fíìdì wa ń wà, mo ń gbá èyí tó dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìfun adìyẹ tí a bá pa sì ń wọlẹ̀ jìnnà. Èkúté ló ń kó ibà Lásà ran èèyàn, àìsàn tó ti dààmú àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti ìpínlẹ̀ Oǹdó lápapọ̀ gan-an. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nígbà tí wọ́n ń ka ohun tí èèyàn lè ṣe kí èkúté má baà wọlé, dárúkọ ológbò sísìn mọ́ ọn. Ẹ̀dá tí ó ń ṣe wá ní irú oore yìí ni a ń fún ní májèlé jẹ.

Ẹnì kan ládùúgbò ló da ọ̀tàpíàpíà sínú orí ẹja, ó sì jù wọ́n sẹ́bàá gọ́tà. Ológbò kan kú síbẹ̀, ìyá tí ọmú rẹ̀ ṣì kún fún wàrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ké lábẹ́ àjákù pákó títí tí ohùn wọn fi lọ. Adìyẹ ìyá arúgbó tí a jọ pín ògiri ṣá ẹja náà jẹ, ó sì kú pẹ̀lú. Ọmọdé ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà yẹn lójoojúmọ́. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa dichlorvos, èròjà tí wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀tàpíàpíà, nínú ìgò kékeré, nítorí ẹ̀mí tó ń ṣòfò. Kí ni ẹni náà sì rí gbà? Èkúté ń rìn lọ́sàn-án gangan lẹ́yìn náà, kò sì pẹ́ tí ológbò mìíràn fi gba orí páànù. Ìyá ọkọ mi sọ níjọ́ náà pé, “Ìyàwó mi, wọn kì í pa ológbò.” Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ibì kan náà la dé sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nínú ilé, tí ẹ ń jẹ́ kó jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n má jẹ́ kó máa bí. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni àwọn tó wà lórí páànù yìí ti ń wá. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán gbá èyí tí ẹ bá ká mọ́ inú ilé adìyẹ mú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá ọ̀nà jáde. Ológbò náà lè ní dìgbòlugi. Bó bá bù yín jẹ tàbí ó ha yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.