Ọjọ́ tí títì dìde dúró lójú Àjàní

Ọmọ ọdún 7 ni Àjàní ọmọ mi. Kí a tó kúrò n'Ìbàdàn, nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ rí ní Lọ́ńdọ̀nù: afárá tó máa ń pín sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi fídíò rẹ̀ hàn án lórí fóònù, láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ọ̀rọ̀ físà àti bàálù, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ọjọ́ kẹta tí a dé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí Àjàní ń pè ní Mọ́mì Peckham nítorí àdúgbò tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ká múra.

Èmi ni mo fa àṣìṣe àkọ́kọ́. London Bridge ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ fẹ́ rí, London Bridge náà ló sì mú wa lọ. A dórí afárá, Àjàní wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mọ́mì, ilé gogoro méjèèjì dà?" Afárá pẹrẹsẹ ni, ọkọ̀ àti àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nìkan ló wà lórí rẹ̀. 1973 ni wọ́n ṣí i. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tà á fún ọmọ Amẹ́ríkà kan ní 1968, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ lọ sí Arizona lọ tún un tò. Tower Bridge la wá wò, òun sì nìyẹn níwájú wa lọ́hùn-ún lórí omi kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di orúkọ yẹn mú dáadáa.

A rìn lẹ́bàá odò Thames, a kọjá lára ọkọ̀ ogun ńlá kan tí wọ́n so mọ́ etí omi. Ó kù díẹ̀ ká dé ẹsẹ̀ afárá ni Àjàní rí ọkọ̀ áìsìkíríìmù. Kò sí iye owó lára ọkọ̀ náà níbì kankan. Mo ní kí ọkùnrin náà fún wa ní mẹ́ta. Ó ti kó o lé wa lọ́wọ́, Àjàní ti lá tiẹ̀, kó tó na ẹ̀rọ káàdì sí mi: póùn 21! Póùn 7 lórí ẹyọ kan, fún nǹkan tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, tó tún ti ń yọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ iye rẹ̀ síta. Ó ní n ò béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ń fà mí láṣọ: "Sanwó jàre, ká máa lọ. Wọn kì í ná nǹkan níbí." N ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ mi, kó jẹ́ kí n mọ̀ kí ọmọ tó fẹnu kàn án.

Ẹnu ìyẹn la wà tí ariwo fi sọ lẹ́yìn wa. Mo yíjú padà, afárá ti la ẹnu! A sáré. Kí a tó la àárín èrò kọjá, apá rẹ̀ méjèèjì ti padà wálẹ̀. Àjàní kò pariwo. Ó kàn dúró, áìsìkíríìmù ń ro sí i lórí bàtà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Póùn 21 yẹn kò dùn mí tó ìyẹn.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí afárá náà ló gbà wá. Ó lóṣòó títí ojú òun àti Àjàní fi ṣe déédéé, ó ní kó nu ojú rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15. Wọn kì í ṣàdédé ṣí i: ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ ti sọ fún wọn ní wákàtí 24 ṣáájú, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìgbà 800 ni wọ́n ń ṣí i lọ́dún, àkókò rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì afárá náà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde nílé. Èmi kò wò ó.

A ra tíkẹ́ẹ̀tì, a gòkè. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síta gbangba, mo sì jẹ ìgbádùn rẹ̀ dé góńgó. Ọ̀nà méjì ló so ilé gogoro méjèèjì pọ̀ lókè, mítà 42 sí omi, láti 2014 sì ni wọ́n ti fi dígí tẹ́ apá kan ilẹ̀ rẹ̀. Èmi di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ dígí yẹn. Àjàní dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀ gbalaja, imú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ dígí, ó ń kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ wá wo orí bọ́ọ̀sì!"

Níbẹ̀ la ti sọ ìtàn Albert Gunter fún un. Ní December 1952, ó ń wa bọ́ọ̀sì 78 lórí afárá yìí, ni títì bá gbéra lábẹ́ rẹ̀. Kò dúró. Ó tẹná mọ́ ọn, bọ́ọ̀sì náà sì fò bọ́ sórí apá kejì. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n fún un ní póùn 10.

"Póùn 10 péré? Mọ́mì, kò ra áìsìkíríìmù méjì!"

Ní yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ó rí ìléru tí wọ́n ń ko èédú sí. Láti 1894 tí wọ́n ti ṣí afárá náà ni ẹ̀rọ olóoru ti ń pèsè agbára tó ń gbé e, kó tó di 1976 tí wọ́n lo epo àti iná mànàmáná dípò rẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ju tọ́ọ̀nù 1,000 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹrù wúwo sí ìdí rẹ̀ kó lè bá orí dọ́gba. "Bíi jángílófà iléèwé wa," ni Àjàní wí, ọ̀rọ̀ sì yé e ju bó ṣe yé mi lọ.

Nígbà tó kù ìṣẹ́jú 20, a ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí wọ́n fi ń dí títì. Iná pọ́n, ọkọ̀ dúró, géètì padé. Gbogbo èrò dákẹ́. Ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè níwájú wa, ilà funfun tí wọ́n kùn sórí rẹ̀ ń lọ sókè sójú ọ̀run, títí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá fi di ògiri. A kò rí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Òpó rẹ̀ àti ìgbòkun rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú la rí tó ń yọ́ kọjá. Àjàní di ìka mi mú gírígírí. Kò sọ nǹkan kan títí ó fi padà wálẹ̀, ó wá ní jẹ́jẹ́ pé, "Títì dìde."

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, pé ọ̀nà Peckham ni a wà yẹn. Àjàní kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ká fẹsẹ̀ rìn kọjá sí òdì kejì, ká lọ wọ 78 níbẹ̀, kó lè gbé wa gba orí afárá padà. A ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè, níwájú pátápátá, ló jókòó sí. Bí táyà ṣe dé ojú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá mi mú.

"Ẹ má bẹ̀rù, Mọ́mì. Tó bá gbéra, dírẹ́bà máa tẹná."