Yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó ra lẹ́ǹsì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kámẹ́rà ńlá yín tí ẹ bọ́ sórí mirrorless kékeré, kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ̀yìn ti fẹ́ kán, owó kámẹ́rà ti jáde, ó wá ku ti lẹ́ǹsì, gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá sì bi léèrè ló ní èyí tó ní kẹ́ ẹ rà. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára.

Canon 5D Mark II ni mo fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Òun nìkan, láìtíì fi bátìrì sí i, gíráàmù 810 ni. Tí mo bá wá so 70-200mm f/2.8 mọ́ ọn, lẹ́ǹsì tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó kílò kan ààbọ̀, tó bá fi máa di alẹ́ Sátidé, apá ọ̀tún mi kì í lè gbé ife omi mọ́. Mo tà á, mo ra Sony a6400. Gíráàmù 403 péré, tòun ti bátìrì àti káàdì nínú. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn rí. Kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ mi kó wá ní mo ní kí ẹ padà sí DSLR, kámẹ́rà ńlá onídígí yẹn.

Lẹ́ǹsì ni ọ̀ràn. Body nìkan, kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì, ni owó mi ká, mi ò sì gba kit lens, èyí tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ kámẹ́rà, mọ́ ọn, torí wọ́n ní kit lens kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Mo dé Computer Village n'Íkẹjà, ọmọkùnrin tó ń tajà gbé 56mm f/1.4 tòkúnbọ̀ kan jáde, ó ní, "Ọ̀gá mi, eléyìí lẹ ń wá. Background á kàn blur dànù ni." Kò purọ́, ó blur dànù lóòótọ́. Nọ́ńbà mm tó bá ga máa ń fa nǹkan sún mọ́ni, nọ́ńbà f tó bá kéré máa ń la ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn blur. Láti June 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, lẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí irú wa ń rà ní méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà mo wá adapter, òrùka tó ń so lẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ kan mọ́ kámẹ́rà òmíràn, fún 50mm Canon mi àtijọ́, mo fi kún un, mo ní ó ti tó. Ẹ wò ó dáadáa: 56 àti 50. Lẹ́ǹsì méjì tó ń rí nǹkan kan náà.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ crop. Sensor, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, ti 5D fẹ̀ tó mílímítà 36, èyí tí wọ́n ń pè ní full frame; ti a6400 jẹ́ 23.5. Lẹ́ǹsì kan náà, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí èyí tó kéré, àárín àwòrán nìkan ló máa mú, etí rẹ̀ á lọ. Ẹ fi 1.5 ṣe ìlọ́po nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì: 50mm á máa ṣe bíi 75mm, 56mm á di 84mm. Mo mọ èyí kí n tó ra kámẹ́rà o, ẹ má rò pé ọmọṣẹ́ àná ni mí. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kì í dun èèyàn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri.

Tèmi kan wọ́díróòbù. Ìdána kan ni, ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ti ta kánọ́pì síta, àga ti wà nílẹ̀, òjò bá dé, gbogbo wa rọ́ wọ inú ilé. Yàrá tí ìyàwó ti ń múra jẹ́ twelve by twelve. Bẹ́ẹ̀dì ti gba ìdajì rẹ̀, ẹni tó ń kun ojú ìyàwó gbé iná rẹ̀ sí igun kan, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tòun ti aṣọ ẹbí wọn jókòó kún orí bẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ̀yìn ti wọ́díróòbù, mo fa ikùn mọ́ra, mo gbé kámẹ́rà sójú. Gèlè wọlé. Ojú wọlé, àgbọ̀n wọlé. Iyùn ọrùn kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ iyùn yẹn gan-an, tí ìyá ìyá rẹ̀ gbé fún un, ni wọ́n dìídì pè mí sí yàrá láti wá yà. Mo yí sí 50mm orí adapter, ọ̀tọ̀ ni tòun: autofocus rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Tó bá fi máa rí ojú ìyàwó mú, ìyàwó ti rẹ́rìn-ín tán.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Pálọ̀ ni. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ to láti ògiri dé ògiri, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ nìkan ni mo rí, pẹ̀lú ìdajì fìlà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága ìjókòó ní àyà wọn ò kanlẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Mo ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, òjò ń ro sí mi lẹ́yìn ọrùn, ìdajì fìlà yẹn náà ni mo ṣì ń rí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní kí wọ́n dìde.

Ó wá kan fọ́tò ẹbí. Bàbá àgbà lórí àga, àwọn ìyá lẹ́yìn, ọmọ wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní, "Fọ́tò, ṣé gbogbo wa ti wọlé?" Mo ní, "Ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i, mà." Wọ́n sún. Mo tún ní kí wọ́n sún. Ìyá kan ní, "Ṣé ká gun orí ara wa ni?" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀wù mi. Mo ya apá ọ̀tún, mo ya apá òsì, pé màá lẹ̀ wọ́n pọ̀ tí mo bá délé. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó tán. Lẹ́ǹsì tí fóònù fi ń ya fọ́tò lójoojúmọ́ máa ń wà ní nǹkan bíi 24 sí 26mm, tí a bá fi full frame wọ̀n ọ́n. Ó rí gbogbo pálọ̀.

Nígbà tí mo lọ gba owó tó kù, fọ́tò fóònù yẹn ni mo bá lára ògiri, wọ́n ti fi férémù sí i. Mọ́mì ìyàwó rí ibi tí mò ń wò. Ó ní, "Má bínú o, ọmọ mi. Tìẹ dán jù ú lọ, àmọ́ gbogbo wa ló wà nínú eléyìí." Wọ́n san owó mi pé. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n yọ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, èyí tí mo ń pariwo sétí gbogbo èèyàn báyìí: ẹ wọn yàrá. Kò le. Ẹ mú iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín yín àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ẹ fi 23.5, ìbú sensor a6400, ṣe ìlọ́po rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì pín in. Ohun tó bá jáde ni ìbú ibi tí fọ́tò yín máa gbà, tẹ́ ẹ bá di kámẹ́rà mú ní ìbú. Ká ní ẹsẹ̀ bàtà 10 lẹ ní. 56mm á gba ẹsẹ̀ bàtà 4 àti díẹ̀, ìyẹn èèyàn méjì, tàbí mẹ́ta tó fún mọ́ra. 30mm á fẹ́ẹ̀ gba 8. 18mm á gba 13. 16mm á sún mọ́ 15. 50mm mi, nígbà tó wà lórí 5D, ń gba 7. Òun náà lórí a6400, kò tó 5. Ẹ ò rí nǹkan? Bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ ló lọ, lẹ́ǹsì ò sì yí padà. Inú ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ yẹn ni iyùn ìyàwó wà. Inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ dọ̀bálẹ̀ sí.

Ẹni tó bá ń ya fọ́tò níta gbangba, lórí Olúmọ, lábẹ́ igi, 56mm á dùn mọ́ ọn nínú. Òun lè máa fẹ̀yìn rìn títí. Ilé àwọn èèyàn wa kọ́ nìyẹn. Pálọ̀ wọn tó fẹ̀ náà, àga ńláńlá ló kún ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì tún jọ ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣí fọ́tò iṣẹ́ yín àtijọ́ nínú Lightroom tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kẹ́ ẹ wo focal length, ìyẹn nọ́ńbà mm, tẹ́ ẹ fi ya àwọn tí oníbàárà sọ pé kẹ́ ẹ tẹ̀ fún àwọn. Tó bá jẹ́ full frame lẹ lò, ẹ fi 1.5 pín in: 24 á di 16, 35 á di 23. Ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni mo tó ṣe tèmi. 24 sí 35mm ló kún ibẹ̀. Portrait tó ń blur yẹn ò tó nǹkan.

Lórí f/1.4: ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́rin ti f/2.8, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹbí tó to ní ìlà mẹ́ta, ta ló máa fi f/1.4 yà wọ́n? f/5.6 àti fláṣì la fi ń yà wọ́n, kí ojú ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn lè jọ mọ́. Ẹ wá san owó f/1.4 tán, ẹ ò lò ó níbi tí owó ti ń wọlé.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra lẹ́ǹsì full frame sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. 24-70mm f/2.8 GM tí Sony kọ́kọ́ ṣe jẹ́ gíráàmù 886, ó ju a6400 méjì lọ. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ torí rẹ̀ ta kámẹ́rà ńlá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, 24 rẹ̀ á sì máa ṣe bíi 36 nínú yàrá twelve by twelve yẹn. Yàrá náà ni mo tún padà sí, ẹ má bínú.

Ti adapter, mi ò bú gbogbo wọn. Ẹni tó kúrò lórí Canon EF, ti DSLR wọn, bọ́ sórí Canon RF, ti mirrorless wọn, lẹ́ǹsì rẹ̀ àtijọ́ á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ilé kan náà ló ṣì wà. Àwa tí a kó kúrò nílé pátápátá, ká má gbé e lọ síbi ìdána.

Èmi ta 56mm, mo fi owó kún un, mo ra Sigma 18-50mm f/2.8. Gíráàmù 290. Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò, Tamron 17-70mm f/2.8 ní ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n nínú, Sigma yìí kò ní, a6400 fúnra rẹ̀ náà kò sì ní. Àmọ́ Tamron yẹn jẹ́ gíráàmù 525. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì ká ìkankan, kó ra kit lens 16-50mm tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gíráàmù 116, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 16. Kó sún un sí 30, kó fi ya òde kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfọwọ́ kan zoom, kó tún fi 16 ya òmíràn. Yóò mọ prime, lẹ́ǹsì tí kì í zoom, tó yẹ kó rà láìná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra tòkúnbọ̀, ẹ mú body yín dání. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wo ebu, torí ọ̀rinrin ọ̀dọ̀ wa máa ń jẹ́ kó tàn. Tẹ́ ẹ bá ti so ó mọ́ kámẹ́rà, ẹ ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù to sí ìlà kan, kí ẹ̀yin fẹ̀yìn ti káńtà. Tí wọn ò bá wọlé tán, ẹ bá a dá a padà sínú páálí rẹ̀.