Ẹ jẹ́ kí èèyàn wà nídìí fóònù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn aboyún tó ní ìtọ̀ ṣúgà l'Ábẹ́òkúta

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, láìpẹ́ wọn yóò fa fóònù kan lé ọ̀kan nínú yín lọ́wọ́ pé kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn aboyún tó ní ìtọ̀ ṣúgà létí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí níbí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé èsì tí ìyá bá fi ránṣẹ́ padà ni iṣẹ́ gan-an. Bí kò bá sí ẹni tó máa ka èsì ọ̀hún, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti kọ́ nílé ìwé pé ibi ọmọ máa ń tú họ́mọ̀nù jáde tí kì í jẹ́ kí ínsúlínì, èyí tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin á pèsè ínsúlínì kún un; ti àwọn mìíràn kì í tó, ni ṣúgà bá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí rèé tá a fi ń fún wọn ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 mu láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, tá a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ṣúgà yẹn ń kọjá sára ọmọ. Ọmọ lè tóbi jù, èjìká rẹ̀ lè há nígbà ìbí, ṣúgà tirẹ̀ náà sì lè já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àkókò yìí, ibì kankan lè má dun ìyá. Ẹni tí ara ń ro kì í gbàgbé oògùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára ló máa ń gbàgbé, pàápàá tó bá ní ìsọ̀ ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá tó fẹ́ ṣí kí oníbàárà tó dé.

Àsìkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa ń rọ ọ́fíìsì lọ́rùn láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìyá ti mu ògì, wọ́n ti jẹ àkàrà, wọ́n ti wà lórí ọ̀kadà. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ń fi ẹ̀rọ wọ̀n nílé láàárọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu la fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 5.3, wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, a fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 7.8. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì kò wúlò fún ọ̀kankan. Ẹ bi oníkálukú ní ìgbà tó ń jí àti ìgbà tó ń kọ́kọ́ jẹun. Kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀rọ tó ń lò, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lọ́jà ló máa kọ 95 (mg/dL) níbi tí òmíràn ti ń kọ 5.3 (mmol/L), ìwọ̀n kan náà sì ni. Ìyá tẹ́ ẹ sọ 5.3 fún, tó wá rí 90 lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, ìpayà á bá a lásán.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wà níbẹ̀ náà. Ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ ẹyọ kan sí i, 70 ló máa gbà, owó ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sì máa yọ. Àwọn fóònù kékeré alábọ́tìnnì kan kò tilẹ̀ lè fi àmì hàn, àpótí òfìfo ni ìyá máa rí. Mo fẹ́ràn kí Yorùbá wọ aṣọ rẹ̀ pé, síbẹ̀ lẹ́tà lásán la fi ń kọ ọ́ síbí, a sì ń yan ọ̀rọ̀ tí kò ní dojú rú: "ogi" là ń kọ, a kì í kọ "eko". Èyí tá a ń lò láàárọ̀ rèé (strip ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ lè kà á):

"E kaaro o. Se strip ku nile? Se e ti won ki e to jeun? Meloo le ri? Ti nnkan o ba lo deede, e flash wa. A o gbo ohun iya, a o gbo ohun omo."

Àwọn kan ti ní ká yọ àdúrà ìparí yẹn kí lẹ́tà lè dín. Mi ò gbà. Kò sí aboyún nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò fẹ́ ṣe àmín sí àdúrà yẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ àìsàn kankan kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn. Fóònù tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò, ọkọ máa ń gbé e, ìyá ọkọ máa ń gbé e, ọmọ ìdí ìsọ̀ ló sì máa ń kà á sókè. Mo mọ ìyá kan n'Ítòkú tó ń ṣe àdìrẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà nínú aró látàárọ̀, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún un lójú gbogbo ẹni tó wà nídìí ìkòkò. Tí ilé ìwòsàn bá wá kọ "e ma gbagbe oogun yin" láìṣàlàyé, ọkọ tí wọn ò tíì sọ fún lè máa ro ohun tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ bi í léèrè pé ta ló ni nọ́ńbà yìí, ta ló ń kà á, kí lẹ fẹ́ ká máa pè yín. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tá a fi ń béèrè strip. Kí ìbéèrè yẹn tó wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, iye tí ìyá rí nìkan là ń béèrè. Ìyá kan ń fi 5.0 ránṣẹ́, 5.1, 5.0, láìyẹ̀. Inú gbogbo wa ń dùn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó máa ń fi èyí tí wọ́n ti wọ̀n sẹ́yìn hàn, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Strip ti tán nílé, owó kò sí, ojú sì ń tì í láti dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́. Ohun tó rò pé a fẹ́ gbọ́ ló ń sọ fún wa. Mi ò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìtìjú ni mo rí. Ẹ béèrè ohun tó lè dí i lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó béèrè iye tó rí. Bí iye náà bá sì gún jù, ẹ fẹ̀sọ̀ wo ẹ̀rọ.

Flash náà ní ìdí. Ẹni tí káàdì orí fóònù rẹ̀ bá kù díẹ̀ lè má fẹ́ ná an láti fèsì, ṣùgbọ́n flash kì í jẹ owó. A bá wọn ṣe àdéhùn pé flash kan, a ó pè yín padà. Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tá a pè é, ó ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì òun ti di yìnyín. Iná ń ṣe ségesège ládùúgbò wọn, ló bá gbé e sí ibi tó tutù jù nínú fíríìjì kó má baà bàjẹ́. Ínsúlínì tó bá ti dì kò ṣeé lò mọ́, kódà bó bá yọ́ tán. A ní kó dà á nù, a sì wá òmíràn fún un kó tó sùn. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan tá a ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó lè bá a yanjú ìyẹn.

Ní Kẹ́ńyà, àwọn oníwádìí kan gbé èsì jáde ní 2010 lórí àwọn tó ń lo oògùn HIV. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, "Mambo?", bí ẹni ń ní ṣé dáadáa ni. Ẹni tí nǹkan kò bá lọ déédéé fún á fèsì pé "Shida", ìyẹn ni pé wàhálà wà, nọ́ọ̀sì á sì pe onítọ̀hún. Àwọn tí wọ́n ń bi báyìí lo oògùn wọn déédéé ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò dárúkọ oògùn. Ní Adelaide ní Ọsirélíà ẹ̀wẹ̀, wọ́n rán àwọn ìyá tó ti bímọ létí léraléra pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, iye wọn tó wá kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n rán létí ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ní ká máa rọ̀jò àtẹ̀jíṣẹ́ lé wọn lórí, èsì méjèèjì yìí ni mo máa ń gbé ka iwájú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ló dé. Láti 2016 ni ẹnikẹ́ni ti lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 2442 kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó má baà dé orí fóònù òun mọ́, tiyín náà lè bá ọ̀nà ìpolówó lọ. Ẹ fi ẹyọ kan dán an wò lójú ìyá kó tó kúrò níwájú yín.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi nìyí. Nígbà mìíràn, oyún á bàjẹ́, tàbí kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Fóònù kò mọ̀. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ "a o gbo ohun omo" bá wọlé sọ́dọ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò, ìkà la ṣe sí i, kò sí àlàyé tó lè pa á rẹ́. Ẹ rí i pé ẹnìkan ní yàrá ìgbẹ̀bí ní àṣẹ láti dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró de ọ̀gá. Kẹ́ ẹ lọ kí ìyá náà fúnra yín.

Lẹ́yìn ìbí, ṣúgà ọ̀pọ̀ wọn á wálẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ó ti parí. Àmọ́ ó kéré tán ìlọ́po méje ni ewu kí àtọ̀gbẹ tòótọ́ mú wọn lọ́jọ́ iwájú fi ju ti ẹni tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà nínú oyún rí. Àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ jù. Ìyá kì í gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀, ara tirẹ̀ ló ń gbàgbé. Nítorí náà, a so méjèèjì pọ̀: ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 ni kó wá mu gúlúkóòsì tirẹ̀, bí kò bá sì ṣeé ṣe, ọjọ́ ti ọ̀sẹ̀ 10. Ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé kó má jẹun láàárọ̀, kó gbé oúnjẹ dání, kó sì mú ẹnìkan wá tó lè bá a gbé ọmọ fún wákàtí méjì. Ẹ bá àwọn ilé àyẹ̀wò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n gba àwọn ìyá yìí wọlé ṣáájú, torí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kò tíì jẹun kò lè tò sórí ìlà dé ọ̀sán.