Olè Tó Gbé Ẹ̀wà Sẹ́yìn

Aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀ ni wọ́n mú mi, lórí àjà kẹta ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ohun tó wà lára mi nìyí: ẹ̀wù òtútù mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, búùtù bíi ti sójà, fìlà dúdú tó bo gbogbo ojú, tó ku ihò méjì péré, tọ́ọ̀ṣì tí mo dè mọ́ iwájú orí, ọ̀pá irin méjì lọ́wọ́, báàgì ràgàjì kan lẹ́yìn. Ká ní èmi ni ọdẹ àdúgbò, èmi náà ì bá mú mi.

Ọdún méjì ni mo fi dá àjọ torí àtilọ gba Thorong La kọjá ní Nepal. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó gba àárín àwọn òkè oníyìnyín kọjá, ibi tó ga jù níbẹ̀ sì jẹ́ mítà 5,416. Òṣogbo tí a jókòó sí yìí, kò ju nǹkan bíi mítà 300 lọ. Àwọn òkè tiwa, orúkọ ló pọ̀ nínú wọn. Òkè-Fìà ni o, Òkè-Baálẹ̀ ni o, n ò tíì rí ọlọ́kadà tó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí òun lè gùn ún. Tí mo bá sì ní kí n máa lọ Ìdànrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí àtẹ̀gùn, owó mọ́tò ló máa jẹ àjọ náà tán. Bí mo ṣe lọ bá ẹni tó ni ilé ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì òun.

Mo ṣírò ó. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ilé náà á tó mítà mẹ́sàn-án. Tí mo bá gùn ún nígbà 600, Thorong La ti bọ́ nìyẹn. Àfi pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ẹsẹ̀ ni àtẹ̀gùn ń kọ́, kò kọ́ ẹ̀dọ̀fóró ní nǹkan kan. Lókè yẹn, afẹ́fẹ́ tí èèyàn máa rí mí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti ilẹ̀ lọ, ara sì gbọ́dọ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn lónìí kò gbọdọ̀ fi ju 500 ga ju ibi tó sùn lánàá. Tí wọ́n bá dé Manang, abúlé kan lójú ọ̀nà náà tó wà ní nǹkan bíi mítà 3,500, ńṣe ni wọ́n ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí orí má baà fọ́ wọn. Kò sí irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Ooru ló wà ní Òṣogbo.

Búùtù náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn wọ̀ ọ́ pẹ́ kó tó rìnrìn àjò, kó má baà bó o lẹ́sẹ̀. Ni mo bá wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Kí n tó tú okùn ẹsẹ̀ méjèèjì tán lẹ́nu ọ̀nà, lèmọ́mù ti wà ní rákà kejì.

Ó wá ku ẹrù tí máa fi kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀wà olóyin tí Màámi ń tà ní Ọjà Ìgbóná ló súnmọ́ mi jù. Nǹkan bíi kílò mẹ́sàn-án ni mo ń bù sínú báàgì. N ò jí i o, mo yá a ni. Kí ó tó jí kírun Àsùbá, máa ti dà á padà sínú àpò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀wà fi ń bá mi gòkè, tó ń bá mi sọ̀ kalẹ̀, tilẹ̀ bá mọ́ yóò tẹ̀ lé Màámi lọ sọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín ládùúgbò wa nígbà náà, ẹ ti jẹ ohun tó ga jù yín lọ.

Ẹ lè ní kí ló dé tó jẹ́ òru. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa kọjá Thorong La, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n fi ń gbéra, torí atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń le tí oòrùn bá ti ga. Mo ní kí n ṣe é bó ṣe máa rí gan-an, pẹ̀lú gbogbo aṣọ. N ò mọ̀ pé láti ọjọ́ kẹta ni àwọn ará àdúgbò ti ń rí iná kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀ nínú ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Àwọn kan ní iwin ni. Àwọn kan ní gbọ́mọgbọ́mọ ni.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

Mo fẹ́ ká fìlà kúrò lójú, ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kí n rí etí rẹ̀ mú. Baba ọdẹ tan iná orí rẹ̀ sí mi lójú. Èmi náà yíjú sí i, iná tèmi bá kọ mànà lójú tiẹ̀. A dúró báyẹn, à ń fọ́ ara wa lójú.

"Paná ẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, fìlà ló bo ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú báàgì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. "Baba, ẹ̀wà ni." Ó sọ ọ̀kan sẹ́nu, ó fẹyín tẹ́ ẹ. "Olóyin."

"Ilé ta lo ti jí i?"

Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Ìgbà yẹn náà ni Màámi dé, ìró láyà, tẹ̀súbà lọ́wọ́, pẹ̀lú ìdajì àdúgbò lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé yóò ní ọmọ òun nìyí. Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ rí.

"Yéè! Ẹ̀wà mi! Tí mo ti ń ra oògùn eku kiri!"

Mo wá ṣàlàyé. Mo dárúkọ Nepal, mo sọ ti òkè, mo sọ ti afẹ́fẹ́. Baba ọdẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

"Èló ni wọ́n máa san fún ẹ?"

"Èmi ni máa sanwó, Baba."

"Ìwọ lo máa sanwó, kó o lè lọ síbi tí kò sáfẹ́fẹ́?"

"Ó wà, Baba. Ìdajì ni."

"Ta ló kó ìdajì tó kù?"

N ò tíì dáhùn tó fi bi mí bóyá kò sí alábàárù níbẹ̀. Mo ní wọ́n wà, wọ́n tiẹ̀ mọṣẹ́ gan-an. Ó ní kí ló wá dé tí mo fi ń ru ẹ̀wà? Títí di òní, n ò rí èsì ìyẹn.

Ó kọjú sí èrò. "Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe olè. Olè wo ló ń sanwó kó tó jìyà?"

"Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o," ni Màámi wí. Ó ti rán ọmọ kékeré kan lọ gbé kóńgò. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì orí mi lè ràn sí i, ó wá ń wọn ẹ̀wà lójú gbogbo ayé, ó ń fàtẹ́lẹwọ́ ré orí kóńgò kọ̀ọ̀kan. Òógùn ń kán lágbọ̀n mi sórí ẹ̀wà, ó ní kí n gbé àgbọ̀n sẹ́yìn. Kóńgò márùn-ún àti ẹ̀kúnwọ́ kan ló jẹ́. Mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́. A wo ẹ̀yìn báàgì, a rí ihò kan tó tó orí ìka. A tan iná sí àtẹ̀gùn, ẹ̀wà ló tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Adìẹ ará ilé kejì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ti ìsàlẹ̀.

Mo ti san owó kóńgò kan. Yanrìn ni mò ń rù báyìí, mo sì máa ń kọ́kọ́ pe Baba ọdẹ lórí fóònù kí n tó jáde. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni mo sì fi ń rìn, torí ó gba ìkejì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà pé òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti lọ bá a nígbà mẹ́ta. Ó ní tí mo bá ti Nepal dé, òun á dá a padà, pé ejò pọ̀ lásìkò yìí.