Abẹ́rẹ́ ni àbí ká fọ́n ọn: ọ̀rọ̀ eégbọn ara màlúù mi

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé kí n lọ gún màlúù lábẹ́rẹ́ nítorí eégbọn, kó kọ́kọ́ sọ irú eégbọn tó ń wí, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹ mí lówó gan-an.

Màlúù 9 péré ni mo ní o, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn níbí. Bójò bá ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, eégbọn dé nìyẹn. Bàbá Fúlàní tó ń bá mi dà wọ́n, ọwọ́ ló fi ń já a láràárọ̀, á kó o sínú agolo, á dáná sun ún, èmi ọ̀làjú wá ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo ra ivermectin, oògùn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń pa eégbọn, 1ml sí 50kg, abẹ́ awọ la gún un sí, ọkàn mi balẹ̀.

Àwọn kéékèèké tó jẹ́ pé orí màlúù kan náà ni wọ́n ti ń dàgbà fún bí ọ̀sẹ̀ 3, àwọn yẹn ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ èyí ńlá yẹn, tí akọ ẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn lẹ́yìn tẹ́sẹ̀ ẹ̀ sì nílà funfun, àfi bíi pé omi la gún, ìdí ọmú ló jókòó sí tó ń mẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹnu ẹ̀ gùn, ibi tó bá ti jẹ máa ń dégbò, abo màlúù mi kan ti pàdánù orí ọmú kan báyẹn. Ìyàwó bàbá tún wá bi mí pé wàrà ńkọ́, mo wo ara ìgò, wọn ò gbọdọ̀ gún un fún màlúù tí wọ́n ń fún wàrà ẹ̀ mu! Ẹran ẹ̀ gan-an, ọjọ́ 35 ni wọ́n kọ síbẹ̀ kéèyàn tó lè pa á jẹ.

Mo bá padà sídìí amitraz, oògùn eégbọn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fọ́n sára màlúù. Ìgbà àkọ́kọ́, nápsáàkì (ike ìfọ́noògùn tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn) lítà 16 kan ni mo fi wọ́n gbogbo wọn, ẹ̀yìn nìkan ló tutù, bẹ́ẹ̀ eégbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀yìn. Ní báyìí à ń so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni, inú etí, abẹ́ ìrù, abíyá, ìdí ọmú, àárín pátákò, títí á fi máa kán tótó. Oníí-12.5% ni tèmi, 2ml sí lítà omi kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lásìkò òjò. Ẹ má fọ́n ọn sára ẹṣin o, ó lè pa á.

Oògùn tí wọ́n ń dà sí gbọọrọ ẹ̀yìn màlúù náà dáa, owó ẹ̀ ló le, akọ kan tó ń ta wá nípàá ni mo ń rà á fún. Ẹ má fọ ike ẹ̀ lódò, ẹja á kú. Kọ́ńdẹ̀mù ọ́ìlì, ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò tán táwọn kan ń fi pa màlúù lára? Ká má sọ ọ́ rárá. Ẹ má sì gbójú lé lékèélékèé pé á bá yín ṣà á jẹ, ọmọ eégbọn ńlá yẹn máa ń wà lára òun náà.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo fọ́n oògùn tán, mo ní ó parí, bàbá gbé ìrù màlúù mi kan tó ń jẹ́ Dúdú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, wá wò." Mẹ́ta ṣì wà ńbẹ̀. Ló bá na agolo sí mi.