Bí Agbátẹrù Bá Lọ, Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìpolówó ọjà, nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè kejì ní yunifásítì, ohun tí mo yàn láti wádìí ni bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣe agbátẹrù àwọn ohun ìgùn inú ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà. Mo ka iye ibi tí orúkọ agbátẹrù ti hàn, lára ògiri, lára ọkọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà, mo to gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò sọ ohunkóhun nípa tábìlì náà. Ìbéèrè kan péré ni ó fi bírò pupa kọ sí etí ìwé: bí agbátẹrù bá lọ, ta ni yóò máa tún un ṣe? Inú bí mi, nítorí n kò rí ohun tí ìbéèrè náà fi kan iṣẹ́ mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdáhùn sí i.

Nígbà tí Walt Disney ṣí Disneyland ní ìlú Anaheim ní oṣù Keje ọdún 1955, owó kò tó mọ́, apá ọgbà tí wọ́n pè ní Tomorrowland kò sì tíì ní ohun púpọ̀ nínú. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Monsanto gbé gbọ̀ngàn ìmọ̀ kẹ́míkà kalẹ̀, Kaiser gbé gbọ̀ngàn alumíníọ̀mù kalẹ̀ tòun ti ère ẹlẹ́dẹ̀ kan nínú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, iléeṣẹ́ Crane wá ṣàfihàn bí ilé ìwẹ̀ yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, òbí wo ni yóò sanwó ìwọlé kí ọmọ rẹ̀ lè lọ wo ilé ìwẹ̀? Ti Kaiser àti ti Crane ti kógbá sílé nígbà tí ọdún 1960 fi parí. Ṣùgbọ́n Autopia, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wa ọkọ̀ kékeré lójú títì, tí iléeṣẹ́ epo Richfield kọ́kọ́ ṣe agbátẹrù rẹ̀, ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí Chevron gbà á ní 2000 tí Honda sì gbà á ní 2016. Ọkọ̀ ni ọmọ náà wá wà. Ẹni tí ó ń ta epo tàbí ọkọ̀ kò ní láti dá a dúró kí ó tó polówó ọjà rẹ̀ fún un.

Bí ọjà agbátẹrù bá ti wọ inú ìtàn báyìí, agbátẹrù náà yóò fẹ́ ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ìtàn. Ní ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní New York ní 1964 sí 1965, General Electric, iléeṣẹ́ tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná, sanwó kí Disney ṣe gbọ̀ngàn kan tí ìjókòó òǹwòran ti ń yí po, tí wọ́n fi ń wo ìdílé kan àti àwọn ohun èlò ilé wọn láti ayé àtijọ́ dé ayé òde òní. Lẹ́yìn ìpàtẹ náà, wọ́n gbé e lọ sí Disneyland ní 1967, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà Disney tó wà ní Florida ní 1975. Ìgbà tí ó dé Florida ni wọ́n pààrọ̀ orin rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ ń yin ọjọ́ ọ̀la, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa ìpààrọ̀ náà ni pé agbátẹrù kò fẹ́ kí ẹni tí ó lè ra fíríìjì lónìí máa dúró de ọ̀la. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹ̀bi General Electric ni. Àdéhùn tí kò bá sọ ẹni tí ó ni àṣẹ ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, olówó ni ó máa ń gbà á.

Epcot, ọgbà ìgbafẹ́ Disney mìíràn tí wọ́n ṣí nítòsí Orlando ní Florida ní 1982, ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè olùkọ́ mi. Agbátẹrù ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá tó wà níbẹ̀. General Electric ni ó ṣe agbátẹrù Horizons, ohun ìgùn tí wọ́n ṣí ní 1983, tí èrò inú rẹ̀ lè tẹ bọ́tìnnì láti yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà sílé: aginjù, ìsàlẹ̀ òkun tàbí òfuurufú. Àdéhùn náà parí ní 1993. Ní ìparí 1994 wọ́n tì í. Wọ́n tún un ṣí ní ọdún kan lẹ́yìn náà nítorí pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ nínú àwọn ilé méjì tó wà nítòsí rẹ̀, wọ́n sì tì í pátápátá ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1999. Wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ òmíràn sí àyè rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2003 pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà HP lára rẹ̀. Ti iléeṣẹ́ epo Exxon tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí ó ń sọ̀rọ̀ agbára iná, tí wọ́n to sólà sí orí òrùlé rẹ̀, pàdánù agbátẹrù rẹ̀ ní 2004, síbẹ̀ wọn kò tì í. Fíìmù tí wọ́n ṣe ní 1996 ni wọ́n ń fi han àwọn èèyàn níbẹ̀ títí di 2017. Ẹ wo iye ohun tí ó ti yí padà nínú ọ̀rọ̀ agbára iná láàárín ọdún mọ́kànlélógún náà.

General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, nìkan ni ó tẹ́ mi lọ́rùn. Láti 1982 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ohun ìgùn wọn kò sì dúró sójú kan: wọ́n tì í ní 1996 láti sọ ọ́ di Test Track, èyí tí ìṣòro ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n ṣí títí di 1999, wọ́n tún un ṣe ní 2012, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2025. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun kí wọ́n tó gbé e jáde ni wọ́n fi ṣe eré, bí èrò bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, àárín àwọn ọkọ̀ títà ni yóò bọ́ sí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ síwájú yín, ẹ wá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ọdún tí yóò parí kí ẹ tó wo ibi tí wọn yóò kọ orúkọ sí. Ẹ béèrè ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe lẹ́yìn ọdún náà, iye oṣù tí agbátẹrù gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí ó tó lọ, ẹni tí yóò yọ orúkọ kúrò lára ògiri, àti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà gan-an.

Ẹ má sì gbàgbé yàrá àlejò. Lábẹ́ Spaceship Earth, bọ́ọ̀lù ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà Epcot, yàrá kan wà tí agbátẹrù ti ń ṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ lálejò. Iléeṣẹ́ Siemens ni agbátẹrù tí ó lò ó kẹ́yìn kí àdéhùn wọn tó parí ní 2017. Àkọsílẹ̀ mi kò mẹ́nu kan yàrá yìí rárá, nítorí pé kò sí orúkọ tí èrò lè rí lára rẹ̀. Ní 2025, wọ́n sọ ọ́ di ilé ọtí, àgbàlagbà tí ó bá sì ti lówó lọ́wọ́ lè wọ ibẹ̀.